Kọ́tìnì Lára Ògiri

Nígbà tí ọkọ mi wọlé wá sọ fún mi pé orúnkún Kọ́ńgílá ti kọ̀ ọ́, pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, mo ń rán etí kọ́tìnì oníbàárà kan lọ́wọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o," mo sì gbé ẹsẹ̀ padà. Ẹni tó bá ń wò mí kò ní mọ̀ pé inú mi dùn.

Kọ́ńgílá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní orúkọ mìíràn, títí kan ìyàwó rẹ̀ kó tó di olóògbé. Òun ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ wà lókè pátápátá, níbi tí fàráńdà wà, tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ aṣọ tó sá sórí okùn bí àsíá. Àwọn ayálégbé wà láàrin. Èmi àti ọkọ mi, tó jẹ́ atẹ̀wé, wà nísàlẹ̀. A kì í san owó ilé, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi wúwo. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n fún ní ilé gbé kì í sọ pé ilé náà gbóná.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wà láàrin ilé wa àti ilé kejì. Kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kọjá lọ. Gbogbo yàrá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ló ya fèrèsé sí i. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ á gba ojú títì wọlé, á sáré gba ọ̀nà náà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, á sì máa bẹ yàrá wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi wà.

Aláròyé là ń pe ọmọ náà, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kò ti sinmi. Á bá ìkòkò sọ̀rọ̀, á bá bàtà bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Á dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, á na orí síta láti ojú fèrèsé, á máa kí àwọn tó ń kọjá lọ́nà tóóró yẹn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ rà bọ̀? Ṣé ẹ máa fún mi níbẹ̀?" Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi ni mo bí irú rẹ̀. Ọkọ mi a máa ní ọmọ náà ń sọ tèmi mọ́ tirẹ̀ ni.

Kọ́ńgílá ní àìsàn kan: kò lè rí àlàfo kó má fẹ́ dí i. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti rí ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù ló ń rí. Ní ọjọ́ kan, ó wọ inú ọ̀nà tóóró yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, gìgísẹ̀ níwájú ọmọ ìka, bí ó ti máa ń ṣe. Kó tó di pé oṣù yẹn parí, àwọn bíríkìlà ti dé. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀, wọ́n kọ́ yàrá ìkẹ́rù lé e lórí títí dé ẹsẹ̀ òrùlé, wọ́n sì ń fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé wa bí wọ́n ti ń gòkè lọ. Fàráńdà tirẹ̀ nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn.

Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí lórí àpò sìmẹ́ńtì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ti yàrá ọmọ nìkan sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín ìkà. Ẹ̀rín ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré ni. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba ṣọ́ọ̀bù rí? Ẹ ní ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Àwọn bíríkìlà bá a rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń wo yíǹkì tó wà ní ìka rẹ̀.

Alágbàfọ̀ kan ló gba ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn yàrá Aláròyé. Ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń se aṣọ, tó ń lọ aṣọ, oru omi náà kò sì ríbi lọ ju inú ògiri wa. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí làágùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí hu bí búrẹ́dì tí a gbàgbé, àmì dúdú wínníwínní tí mo ń fọ̀ lónìí tó ń padà wá lọ́la. Òórùn rẹ̀ wọ inú ìrọ̀rí. Ó wọ inú irun ọmọ mi.

Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún. Kọ́kọ́, ó jẹ́ ikọ́ lásán. Lẹ́yìn náà, èémí rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Ọ̀rọ̀ tó ti máa ń sọ ní gbólóhùn gígùn wá di wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Á sọ méjì, á dúró, á fi ọwọ́ júwe fún mi pé òun kò tíì parí, kí n má lọ. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fi etí sí àyà rẹ̀, ó wá bi mí pé, "Níbo ló ń sùn? Ṣé fèrèsé wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó ti wà rí."

Ó ní kí a gbé e kúrò nínú yàrá náà. A gbé e sí pálọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ojú títì ni iwájú, èéfín mọ́tò sì ń wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. A gbé e padà sẹ́yìn. Níwájú, èéfín, lẹ́yìn, oru omi. Mo padà lọ bi nọ́ọ̀sì pé ibo ni ká wá gbé e sí. Ó wò mí, ó sì pe aláìsàn tó kàn.

Aláròyé kú ní òwúrọ̀ kan nígbà òjò. Ó ń sọ ohun kan fún mi lọ́wọ́ nípa bàtà rẹ̀. Kò parí rẹ̀.

Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, Kọ́ńgílá jókòó sí pálọ̀ wa, ó mi orí, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn." Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni mo lọ. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má ṣe bá Ọlọ́run jà, kí n má sì gba ẹ̀san fúnra mi. Èkíní rọrùn fún mi, nítorí mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe Ọlọ́run ló po sìmẹ́ńtì yẹn.

Mo ti yàrá náà pa. Ọdún ń gorí ọdún. Mo ń kí Kọ́ńgílá lórí ìkúnlẹ̀ láràárọ̀, mo ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn, mo ń dúró. Èmi náà kò mọ ohun tí mo ń dúró dè títí di ọjọ́ tí ọkọ mi wá sọ pé orúnkún kọ̀ ọ́.

Ọkọ mi ní, "Ìsàlẹ̀ ló máa wá gbé báyìí. Mo rò pé ká fún un ní pálọ̀."

Mo ní, "Níbo ni n ó ti máa rán aṣọ? Ẹ jẹ́ ká tún yàrá ọmọ ṣe fún un. Ó súnmọ́ balùwẹ̀."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni," ni mo wí. "Kí la fẹ́ ṣe fún un tó pọ̀ jù?"

Mo ṣí yàrá náà. Mo fọ ògiri, mo kùn ún ní funfun, ó sì dùn-ún wò, nítorí ọ̀dà tuntun a máa mú sùúrù fún ìgbà díẹ̀ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó jáde. Lẹ́yìn náà, mo mú tépù ìwọnṣọ mi. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fi ojú lásán wọn fèrèsé. Ọwọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n, ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀, àti iye tí a ó fi kún un fún ìṣẹ́po. Fèrèsé kò sí, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà. Ibi tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i kò bá ìyókù dọ́gba; ó wú díẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Mo wọn àpá yẹn. Mo ra aṣọ tó dára ju èyí tí mo ń rán fún àwọn olówó lọ, mo fi aṣọ ìtẹ́nú sí i, mo ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po tó jinlẹ̀. Mo so irin mọ́ ògiri, mo fi kọ́tìnì kọ́ ọ.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lo fẹ́ fi kọ́tìnì ṣe níbi tí kò sí fèrèsé?"

Mo ní, "Ó máa bo àpá."

Àwọn ọkùnrin méjì gbé Kọ́ńgílá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó ń bá wọn ṣàwàdà bọ̀. "Ẹ rọra o. Bí mo bá já bọ́, ìlú kò ní rí ẹni kọ́lé fún wọn mọ́." Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo yàrá yíká, ó wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ́ létí, ó wo kọ́tìnì. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Ẹ ti jẹ́ kí ara tù mí kí n tó jókòó pàápàá." Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àyà rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. "Ẹ bá mi fa kọ́tìnì yẹn sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀."

Mo lọ sídìí kọ́tìnì. Mo fà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn òrùka rẹ̀ ń dún lórí irin bí owó ẹyọ. Nígbà tí mo fà á dé òpin, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ríran dáadáa.

Ó ń wo ògiri. Ó wò mí. "Fèrèsé dà?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun gbogbo, àfi ìyẹn. Ó ti gbàgbé. Ohun tó ń jí mi lójú oorun láti ọjọ́ yìí wá ti bọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ronú. Ó wá ní, "Háà. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà yẹn," ni mo sọ, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìyàwó ilé tó tọ́jú ẹ̀gbọ́n ọkọ tó mi. Oúnjẹ rẹ̀ kò pẹ́ rí. Mo ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, mo ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀. Láràárọ̀, mo ń wọlé, mo ń kúnlẹ̀, mo ń ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ti mọ́," mo ń fa kọ́tìnì sẹ́yìn kúrò lójú ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń fà á padà. Kò sí ohun tó lè sọ pé mo ṣe tí kò dára. Ní ọjọ́ kan, ó ní kí n fi kọ́tìnì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n má fà á mọ́. Mo ní, "Yàrá tí a kò ṣí kọ́tìnì rẹ̀ láàárọ̀, bí ilé òkú ló rí, Ẹ̀gbọ́n." Mo fà á.

Nígbà tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri. Alágbàfọ̀ jáde wá bá mi níwájú, aṣọ oníbàárà ní apá rẹ̀.

"Ìyá Oníkọ́tìnì, ta lẹ tì mọ́ ẹ̀yìn ògiri mi? Ó ń kan án bí ẹni tó wá sin gbèsè."

Mo ní, "Onílé rẹ ni."

Ó na ọrùn wo inú ilé. "Kọ́ńgílá? Ẹ jẹ́ n tètè lọ san owó ṣọ́ọ̀bù o, kó tó gba inú ògiri jáde sí mi." Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Yàrá ọmọ yẹn kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

 Òun náà wúkọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni ọ̀dà funfun mi ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ àmì dúdú. Ikọ́ Kọ́ńgílá bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ti í mọ ohùn ojúlùmọ̀: ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ mi. Mo tẹ́tí sí i títí ọbẹ̀ fi tutù.

Ọkọ mi ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan náà ló wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó fi etí sí àyà Kọ́ńgílá, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ń sùn? Ṣé fèrèsé wà níbẹ̀?"

Kọ́ńgílá wò mí. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ó ti wà rí."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Ìyá, mo dá yín mọ̀. Ẹ gbé bàbá yìí kúrò níbẹ̀."

Mo ní, "Sí ibo? Mo ti bi yín ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan."

Nígbà tí a délé, ọkọ mi tẹ̀ lé mi wọ ibi tí mo ti ń dáná. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. N kò gbọ́ kí ó gbóhùn sókè rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Kò gbé e sókè ní ọjọ́ yẹn náà. Ó ní, "O fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́ yàrá náà. Èmi kàn tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i ni."

"Ìyá Aláròyé."

"Nígbà tí ó ń dí fèrèsé, ẹ̀yin ń wo ìka yín. Ẹ máa wò ó lọ."

Ó jókòó sórí àpótí, ó bo ojú.  N kò lọ bá a. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fi àánú náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí ni Kọ́ńgílá pè mí. Ó ti gbé ara rẹ̀ ti ìrọ̀rí nítorí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ó ń já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. "Ìyàwó wa. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe."

"Kí ni mo ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé oúnjẹ ni ò tó?"

"Mo ti pe bíríkìlà. Ọ̀la ló ń bọ̀. Ó máa ṣí fèrèsé yìí."

Mo ní, "Ẹ kú ọgbọ́n."

Ó ti retí pé n ó bá a jà. Gbígbà tí mo gbà bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á ju ìjà lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní ìdí láti dá bíríkìlà dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé inú ilé yẹn. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù.

Bíríkìlà dé pẹ̀lú òòlù àti irin ìgbẹ́lẹ̀. Mo fa kọ́tìnì fún un, mo bo bẹ́ẹ̀dì, mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo jókòó. Ó lu ògiri. Eruku kún yàrá. Ó tún lù ú, búlọ́ọ̀kù kan mì, ó ṣubú sí òdì kejì. Oru omi tú wọlé gùù, ó gbóná, ó ń run ọṣẹ. Ojú alágbàfọ̀ yọ lójú ihò náà, irin ìlọṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, bàbá," ni ó wí. "Ṣé ẹ ní aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ ká bá yín lọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ẹ̀rín lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti lọ. Ó jáde bí ohun tó ti dógùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín títí bíríkìlà fi yí ojú sí ibòmíràn. Kọ́ńgílá ń wúkọ́ nínú oru náà, ọwọ́ rẹ̀ di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ojú rẹ̀ sì wà lára mi.

Nígbà tí bíríkìlà fi àpò sìmẹ́ńtì dí ihò náà, tí ó jáde lọ mu omi, mo dìde. Mo ní, "Fèrèsé tó ya sínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀nà yẹn ló ń mí, kì í ṣe ògiri."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

"Gbogbo rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, yàrá ìkẹ́rù òkè, títí dé ẹsẹ̀ òrùlé. Kí gbogbo fèrèsé ilé yìí là padà. Àwọn ayálégbé yín tó ń wúkọ́ lókè lọ́hùn-ún, ṣé ẹ kì í gbọ́ wọn?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi ń jẹun."

"Ṣọ́ọ̀bù yín wà níbẹ̀, àyà yín náà sì wà níbẹ̀. Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ wó."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ilé tí ó ti kọ́ tó sì ń rí i pé ó ń yẹ̀. "Ẹ ò ní gbé mi kúrò níbí?"

"Ta ló ní n má gbé yín? Ẹ ní ẹsẹ̀. Ẹ gun àtẹ̀gùn."

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. N kò gbé ìgbésẹ̀ kankan, ọkọ mi náà kò sì lè gbé e lọ sókè, níbi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Mo ń gbé oúnjẹ wọlé, mo ń gbé àwo jáde. Ó ń dín oúnjẹ kù, nítorí ẹni tí ń wá èémí kò ráyè jẹun. Bí ó ti ń di ẹlẹgẹ́ ni mo ń bi ara mi bóyá mo lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń dá ara mi lóhùn pé mo lè ṣe é. Èyí ni òtítọ́, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ọmọ ayálégbé kan tó wà lókè wa ló yí ọ̀rọ̀ padà, kò sì mọ̀. Ó wúkọ́ ní ọ̀sán kan, ikọ́ kékeré, ó gba inú àjà wọlé. Èmi àti Kọ́ńgílá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. A wo òkè.  Lẹ́yìn náà ni Kọ́ńgílá ní, "Ẹ pe bíríkìlà. Kó wó gbogbo rẹ̀."

Mo ní, "Ó ku ohun kan. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìdí tí ẹ fi ń wó o, níwájú àwọn ayálégbé."

Wọ́n gbé e jáde síwájú ilé lórí àga. Àwọn ayálégbé sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn, àwọn kan ń kùn pé kí ló dé. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kọ́ńgílá kó èémí jọ. Ó ní, "Èmi ni mo dí ojú fèrèsé yín. Kò yẹ kí n dí i. Ọmọ àbúrò mi kú síbẹ̀."

Mo ní, "Orúkọ rẹ̀."

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó yíjú sí ọkọ mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí lẹ máa ń pè é ná?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti dé ẹ̀gbẹ́ àga náà kí n tó débẹ̀. Kò wo ìka rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Aláròyé ni. Ẹ pè é kí wọ́n gbọ́."

"Aláròyé," ni Kọ́ńgílá wí.

Ọkọ mi ní, "Ẹ tún un pè, Ẹ̀gbọ́n. Ìyá tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún kò gbọ́."

Ó tún un pè, ó sì wúkọ́ lé e.

Wíwó náà gba ọjọ́ mélòó kan. Mo ní kí wọ́n gbé àga Kọ́ńgílá sí ibi tí yóò ti máa rí i. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan tó bá já bọ́, ó máa ń mi orí bí ẹni tí wọ́n na ní pàṣán. Alágbàfọ̀ kó irin rẹ̀ àti agbada tó fi ń se aṣọ sórí ọmọlanke. Mo lọ bá a láti dúpẹ́, ó ní, "Ìyá Oníkọ́tìnì, ẹ̀yin àti onílé lẹ jà, èmi ni ṣọ́ọ̀bù wó lé lórí." Ó rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, kí n sọ fún àwọn oníbàárà mi pé òun ni kí wọ́n máa gbé kọ́tìnì wọn wá fún láti fọ̀ níbi tó bá ń lọ. Mo sọ fún wọn. Díẹ̀ nínú wọn ń lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fọ́ èyí tó kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà náà kọjá. N kò ní sọ pé ó dùn mọ́ mi. Mo dúró nínú yàrá náà, ó kàn mí lójú, mo sì ń rò ó pé gbogbo èyí kò ju iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ. Bíríkìlà díẹ̀ àti òòlù ló dúró láàrin ọmọ mi àti èémí.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Kọ́ńgílá yóò sàn. Ikọ́ rẹ̀ fò lọ. Ó ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ó ń jẹ, ó ń sanra, ó ń jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń kí àwọn tó ń kọjá. Ẹ̀san mi ti wo ọ̀tá mi sàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé, mo bá a tó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Ó ní, "Ìyàwó wa, kò sí yàrá tó dà bí èyí nínú ilé yìí mọ́. Ibí ni n ó wà títí n ó fi kú."

Mo jáde. Mo pe àwọn ọkùnrin méjì tó gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e gòkè.

Ó rò pé àwàdà ni títí wọ́n fi gbé àga kúrò nílẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ mi kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ta ló máa máa bá mi sọ̀rọ̀ lókè?"

"Afẹ́fẹ́ pọ̀ lókè, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Yàrá ọmọ mi nìyí."

 Ọkọ mi di ẹsẹ̀ àga kan mú, ó bá wọn gbé e.

Lójoojúmọ́ ni ọkọ mi ń gòkè lọ bá a lẹ́yìn iṣẹ́. N kò dí i lọ́wọ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ó máa ń jókòó sí fàráńdà, kò sí ẹni lápá ọ̀tún, kò sí ẹni lápá òsì. Á bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè kí n má baà tètè lọ: ta ló wá, kí ni wọ́n ń tà, ṣé òjò rọ̀ nísàlẹ̀. Mo ń dáhùn ní ẹyọ kan. Lánàá, ó di àwo tí mo ń gbé fún un mú, kò jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó tó báyìí."

Mo ní, "Kò tíì tó, Ẹ̀gbọ́n."

Ó jọ̀wọ́ àwo náà. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo bu omi sí ife fún un, mo sì sọ̀ kalẹ̀.